Èédú àti irin àlòkù fún àgbẹ̀dẹ ẹ̀yìnkùlé ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ẹni tó bá fi fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ohun méjì ló máa kọ́kọ́ wá káàkiri: èédú ilẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń wà jáde, àti owú oníwo, ìyẹn irin tí wọ́n ń lu irin lé lórí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ bí ìwo. Ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, àwọn méjèèjì yìí ló ń jẹ owó jù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ò dúró dè wọ́n. Èédú tí àwọn tó ń sun àgbàdo ń lò tó. Irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó. Ibi tó yẹ kí owó yín lọ ni ohun tí yóò máa fẹ́ iná, nítorí pé ẹwìrì tí atẹ́gùn rẹ̀ kò ṣeé dín kù ló ń jẹ èédú, òun náà ló ń jó irin.

Ká tètè pa ti èédú ilẹ̀ tì. Nàìjíríà ní i lọ́pọ̀: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Enugu ní 1915, ó wà ní Okaba ní ìpínlẹ̀ Kogi, ó wà ní Maiganga ní Gombe. Àmọ́ ti Enugu kì í ṣe irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ òkèèrè ń yìn. Tiwọn máa ń rọ̀ nínú iná, á lẹ̀ mọ́ra, á di kókó oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní coke, kókó yẹn ló sì ń bo irin mọ́lẹ̀ bí òrùlé. Ti Enugu kì í lẹ̀ mọ́ra bẹ́ẹ̀, ahọ́n iná rẹ̀ gùn, èéfín rẹ̀ pọ̀, aládùúgbò á sì kígbe. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé àpò kan péré wá sí Iléṣà, owó ọkọ̀ á ju owó èédú lọ. Èédú igi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní imí ọjọ́ rárá, eérú rẹ̀ kéré, ooru rẹ̀ sì tó láti fi so irin méjì pọ̀ láìsí wẹ́dà. Òun náà ni àwọn baba wa fi ń yọ́ irin kí irin òyìnbó tó dé.

Èédú igi ọ̀hún kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó dára jù nínú èyí tó ń dé ọjà wa ń ti ọ̀nà Òkè-Ògùn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Kwara wá, níbi tí igi ọ̀dàn tó le, bí àyìn àti ẹmi, wà. Èédú àyìn wúwo lọ́wọ́, ó sì ń pẹ́ nínú iná. Èyí tí wọ́n sun lára igi tó fúyẹ́ máa ń ta pàràpàrà sí ni lára, kì í sì í pẹ́ di eérú. Ẹ má fi orúkọ igi ra èédú o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á kò mọ igi tó jẹ́, èyí tó bá sì mọ̀ á ní àyìn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ẹyọ méjì, ẹ gbá wọn lu ara wọn. Èyí tó jiná dáadáa á dún bí àpáàdì. Èyí tí kò dún ketekete ti mu omi tàbí kò jiná. Ẹ wá ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì: inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú kó máa dán, kí ìlà inú igi ṣì hàn. Bí inú rẹ̀ bá rí bí awọ èèpo kòkó gbígbẹ, igi lẹ̀ ń rà, èéfín sì ni ẹ ó fi ṣe iṣẹ́.

Àpò ni wọ́n fi ń tà á, ọgbọ́n sì wà nínú àpò. Àpò tó gba 50 kílò ìrẹsì kì í gbà ju bí 15 sí 20 kílò èédú gbígbẹ lọ, torí pé èédú fúyẹ́, àyè sì pọ̀ láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Bí wọ́n bá fi nẹ́ẹ̀tì gbé orí àpò ga, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: ibẹ̀ ni eruku àti yanrìn ń sùn sí. Ẹ mú òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ọwọ́ dání. Ẹ wọn àpò mẹ́ta tí wọ́n ń tà ní iye kan náà, ẹ ó rí i pé wọn kì í dọ́gba. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù lè jẹ́ èyí tí òjò pa, nítorí èédú ń mu omi bíi kànìnkànìn. Ìdí nìyẹn tí gbígbá a lura fi ṣáájú òṣùwọ̀n. Láàárín oṣù Bélú sí Ẹrẹ́nà ni kí ẹ rà á pamọ́, kí ẹ tó o sórí pákó, kì í ṣe sórí sìmẹ́ńtì. Bí òjò bá ti mú ilẹ̀, ẹ ó san owó omi mọ́ owó èédú.

Ibi tí àǹfààní wa wà gan-an rèé. Àwọn tó ń sun ẹran àti bọ̀ọ̀lì ń fẹ́ ẹyọ ńláńlá tí kò ní jábọ́ láàárín irin ààrò. Alágbẹ̀dẹ ń fẹ́ èyí tó tó àwùsá, bíi 2 sí 4 sẹ̀ǹtímítà, torí pé ẹyọ ńlá máa ń fi ihò sílẹ̀ nínú iná, atẹ́gùn tútù á gbabẹ̀ kan irin. Ohun tí ìyá eléèédú ń gbá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ojúlówó tiwa. Ẹ kí wọn dáadáa: “Ẹ kú ọjà mà. Ìyá, àwọn ẹ̀rún tó kù sílẹ̀ yìí ńkọ́, ṣé ẹ lè bá mi kó o jọ?” Owó rẹ̀ kì í tó ti odidi àpò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi asẹ́ oníhò 1 sẹ̀ǹtímítà, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, jọ̀ ọ́ níbẹ̀. Èyí tó dúró lórí asẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀n.

Iná kékeré tó ń gbóná irin 10 tàbí 12 mílímítà ń jẹ bíi 2 sí 3 kílò èédú ní wákàtí kan. Bí tiyín bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà atẹ́gùn pọ̀ jù tàbí ojú iná fẹ̀ jù. Ẹ fi bíríkì há a, kó má ju 12 sí 15 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀. Kí èédú ga tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà lókè ẹnu páìpù, kí irin sì wà ní bíi 8 sẹ̀ǹtímítà sí i, ní ìdúbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ki irin wọ inú iná lóròó, orí rẹ̀ á dé ẹnu páìpù; atẹ́gùn tí iná kò tíì lò tán á bá a níbẹ̀, ìpẹ́ á bo irin, ó sì lè jó dànù.

Èèpo èkùrọ́ náà ń bẹ. Ní àwọn ẹbu tí wọ́n ti ń ṣe epo ní àyíká Ifẹ̀ àti lọ́nà Iléṣà, òkìtì rẹ̀ kì í wọ́n. Tútù rẹ̀ ń rú èéfín, ó sì ń sun ọ̀dà dúdú mọ́ irin, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di èédú. Ẹ wá agolo onírin tó ní ìdérí, ẹ sun ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò, ẹ rọ èèpo gbígbẹ kún un, ẹ fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sí ìdérí, kẹ́ ẹ sì gbé e sínú iná igi. Ooru omi funfun ló máa kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, gáàsì á máa jó lẹ́nu ihò bí àtùpà. Nígbà tí iná ẹnu ihò bá kú fúnra rẹ̀, ó ti jiná. Ẹ gbé e kúrò, ẹ fi amọ̀ dí ihò, ẹ má ṣí i títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ṣí i nígbà tó ṣì gbóná, atẹ́gùn á wọlé, gbogbo rẹ̀ á gbiná lójú ẹ̀. Kí èyí má ju ìdá mẹ́ta kan lọ nínú iná yín, torí pé ó kéré, ó sì máa ń dí ọ̀nà atẹ́gùn.

Sísun èédú fúnra ẹni láti inú ègé pákó sọ́míìlì? Kìkì bí wọ́n bá fún yín ní igi náà lọ́fẹ̀ẹ́. 100 kílò igi gbígbẹ kì í mú ju bíi 20 sí 25 kílò èédú wá. Ẹ má sun pákó tí wọ́n kùn tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò pa.

Ojú iná kò gbowó. Dírọ́ọ̀mù bíréèkì lọ́rì tó ti jẹ tán dára, rímù àtijọ́ náà dára. Ẹ fi amọ̀ tẹ́ inú rẹ̀: ìwọ̀n méjì ilẹ̀ ọ̀gán, ìwọ̀n kan yanrìn, ẹ̀kúnwọ́ eérú méjì tàbí mẹ́ta, omi díẹ̀ tí yóò jẹ́ kó ṣeé di mọ́ ọwọ́. Ilẹ̀ ọ̀gán dára ju amọ̀ odò lọ nítorí pé ikán ti pò ó kúnná. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòòji fún ọjọ́ 5 sí 7. Kó tó di ọjọ́ iṣẹ́, ẹ dá iná kékeré sínú rẹ̀ fún wákàtí kan. Amọ̀ tútù tó bá rí iná ńlá lójijì, omi inú rẹ̀ á di ooru, á sì bẹ́ sí ni lójú.

Ní ti atẹ́gùn, fáànù tábìlì kò wúlò. Ó ń gbá atẹ́gùn kiri ni, kò lè tì í gba inú páìpù tóóró. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni búlówà inú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò tí wọ́n ń tú palẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ rí róbótó bí àgò tó ní abẹ́ wẹ́wẹ́ káàkiri. Ó ń lo bátìrì 12V, nítorí náà iná ìjọba lè lọ kó má dí yín lọ́wọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé níbẹ̀ ni resistor rẹ̀, pátákó kékeré oníwáyà roboto tó ń fún un ní ìpele ìyára mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ bẹ rẹwáyà kó bá yín yọ ọ́ pẹ̀lú súkẹ́ẹ̀tì àti swíìṣì rẹ̀. Resistor yẹn máa ń gbóná gidi. Inú ọ̀nà atẹ́gùn búlówà ni wọ́n fi sí nínú mọ́tò kí ó lè máa tutù, ibẹ̀ náà ni kí ẹ fi í sí. Bí ẹ bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó, ó máa jó. Kí ẹ tó rà á, ẹ gbé e lé bátìrì: bí ó bá ń ké, ibi tí ọ̀pá rẹ̀ ti ń yí ti jẹ, bí ó bá ń gbọ̀n, abẹ́ kan ti ṣẹ́.

Hair dryer àlòkù ti onírun náà ń ṣiṣẹ́ bí iná bá wà, bí ẹ bá ti jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa iná yọ wáyà tó ń gbóná nínú rẹ̀. Páìpù tó wọ iná kí ó jẹ́ irin dúdú, kí ihò rẹ̀ tó 25 mílímítà. Ẹ má lo páìpù omi tó funfun: síǹkì ni wọ́n fi bò ó, èéfín rẹ̀ á fi ibà àti òtútù gbé ni dè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ gé ojú kan sí ẹ̀gbẹ́ páìpù kí ẹ fi páànù tó ń ṣí tó ń tì bò ó, òun ni ẹ ó máa fi dín atẹ́gùn kù. Ìgbà tí ẹ bá pa búlówà, ẹ ṣí ojú yẹn sílẹ̀. Gáàsì tó ń jó lè padà wọ inú páìpù, ẹ tan búlówà padà, ó dún bí ìbọn.

Ó wá kan owú. Mo mọ̀ pé ojú gbogbo ènìyàn wà lára èyí tó níwo. Ẹni tó bá rò pé owú tí kò níwo kì í ṣe owú, kó rántí irin Ògún Ládìn tó wà ní ààfin Ọọ̀ni: odidi irin kan ni, ó rí bí ẹ̀kán omi ńlá, kò níwo, kò ní ihò, bẹ́ẹ̀ irin iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni Ifẹ̀ kà á sí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìwọ̀n irin tó wà ní tààrà lábẹ́ òòlù. Nítorí náà, irin róbótó tí ẹ nà ró lóòró dára ju páànù fífẹ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé páànù á máa fò, á máa gbé agbára òòlù mì.

Ẹ wá ṣáàfù tírélà, orí ṣáàfù katapílà, tàbí ẹnu òòlù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ní kúárì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, ó le, ó nípọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀ láìsí òṣùwọ̀n, ẹ fi tépù wọn ìbú rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Ìbú lọ́nà ìbú lọ́nà gígùn lọ́nà 0.00617, ó di kílò. Irin tó fẹ̀ ní 10, tó gùn ní 30, jẹ́ bíi 18.5 kílò. Èyí tó fẹ̀ ní 12, tó gùn ní 40, jẹ́ 35.5. Ìyẹn tó fún òòlù 1 kílò nígbà tí ó bá dúró lóòró. Ẹ rì í sínú gẹdú igi líle, apá tàbí ìrókò, tàbí sínú dírọ́ọ̀mù tí ẹ fi yanrìn kún kítikìti. Gíga rẹ̀: ẹ dúró, ẹ di ìkúùkù, kí ọwọ́ yín kan orí rẹ̀ láìtẹ̀ba.

Báwo lẹ ṣe ń mọ irin tó le? Ẹ mú bọ́ọ̀lù bẹ́rìn dání, ẹ jù ú sílẹ̀ láti ínṣì 10. Bí ó bá ta padà tó 7 tàbí 8, ẹ tètè sanwó. 5 ṣeé lò. Bí kò bá tó 3, irin dídà ni, èyí tí àwọn wẹ́dà ń pè ní káàsì, tàbí kẹ̀ ó ti sán nínú. Káàsì ni ọ̀pọ̀ àwọn owú kékeré tí wọ́n kùn lọ́dà tí ẹ ń rí lọ́jà. Igun rẹ̀ á máa fọ́ bí bisikíìtì. Ní apá Iléṣà, ẹ lè rí àgbọ̀n ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta, ó wúwo gan-an. Ẹ fi òòfà kàn án. Bí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin máńgáníìsì ni: ó ń le sí i bí ẹ ṣe ń lù ú, ẹ lè gbé e sábẹ́ òòlù, ṣùgbọ́n ẹ má ronú àtilu ihò sí i, yóò kàn jẹ ẹnu dírììlì tán ni.

Irin rélùwéè dára, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀. Rélùwéè ò gba Ifẹ̀ tàbí Iléṣà kọjá, Òṣogbo ló sún mọ́ wa jù. Irin tí ẹnì kan gbé wá látibẹ̀ láìsí ìwé jẹ́ ohun ìjọba, ẹni tó rà á náà á sì bá olè jẹ́jọ́.

Fún fáìsì tòkunbọ̀, ìyẹn irin ẹlẹ́nu méjì tó ń di iṣẹ́ mú, ẹ ṣí i dópin kí ẹ fi ọwọ́ mì í. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yí ní ìdá mẹ́rin kan kí ẹnu tó rìn, nọ́ọ̀tì inú rẹ̀ ti jẹ. Ibi tí wọ́n ti fi wẹ́dà pa ojú sísán mọ́ ni wọ́n máa ń kùn, nítorí náà ẹ fi kẹrosíìnì nù ún, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wọ́n ṣọ́ọ̀kì lílọ̀ sí i: bí ó bá sán, kẹrosíìnì á padà sun jáde, á fa ìlà tó ṣe kedere sí ojú ṣọ́ọ̀kì. Ẹmú, ẹ má fi ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín. Ẹ ra méjì lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú tó ń rọ ọkọ́ àti àdá. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, owó rẹ̀ ò tó èédú tí ẹ ó fi bà á jẹ́. Òòlù àlòkù tí kò ju 1 kílò lọ tó. Ẹ fi fáìlì pa etí rẹ̀ kó má mú.

Irin tí ẹ ó máa rọ wà ní abúlé mẹkáníìkì. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ abẹ́ ọkọ̀ dára fún ọ̀bẹ àti àdá, fáìlì tó ti kú le jù ú lọ, ọ̀pá kọnkéré dára fún ìkọ́ àti ẹmú. Èyí tí kò dá yín lójú, ẹ gbé e sí ẹ̀rọ tó ń lọ irin: ẹ̀ta iná gígùn tó lọ tààrà ni ti irin tó rọ̀, èyí tó ń bẹ́ bí òdòdó nítòsí ẹ̀rọ ní kábọ̀n, ohun tó ń jẹ́ kí irin gba líle, tó. Tàbí kí ẹ gbóná ègé kékeré títí òòfà ò fi lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ rì í sínú òróró ẹ̀pà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi fáìlì fà á. Bí fáìlì bá yọ̀ lórí rẹ̀ bí orí gíláàsì, ó gba líle. Ẹ má lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú, èéfín rẹ̀ burú. Ẹ wo sípíríǹgì dáadáa níbi ihò bọ́ọ̀tì rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń sán sí. Ọ̀bẹ tí ẹ bá rọ lára rẹ̀ á ṣẹ́ sí méjì ní ọjọ́ tí ẹ rì í.

Ṣọ́ọ̀kù ọkọ̀ má ṣe wọ iná láé. Ọ́ìlì àti gáàsì wà nínú rẹ̀, ó ń bẹ́ bíi bọ́ǹbù. Ọ̀pá dídán inú rẹ̀ sì ní kúrómù lára. Ohunkóhun tí ẹnu rẹ̀ dí, ẹ gé e tàbí ẹ lu ihò sí i kó tó rí ooru. Ẹ sì má ṣiṣẹ́ nínú yàrá. Iná èédú ń tú gáàsì olóró carbon monoxide tí kò ní òórùn, kò sì ní èéfín tí ojú máa rí. Abẹ́ òrùlé tó ṣí ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni kí iná yín wà.

Àwọn oníkóńdẹ́mù ń ta irin fún ọkọ̀ tó ń kó o lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin, ní kílò. Iye tí ọkọ̀ ń san lọ́sẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá fi díẹ̀ lé e, wọ́n á tà á fún yín. Bí wọ́n bá rí i pé irin kan ń wù yín, wọn ò ní ka kílò mọ́. Nítorí náà, ẹ mú irin mẹ́rin jọ, kí èyí tí ẹ fẹ́ wà láàárín wọn. Ẹ lọ kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ béèrè ibi tí irin náà ti wá, kí ẹ sì gba ìwé kékeré kan. Owó kẹ̀kẹ́ Márúwá ni kí ẹ dúnàá-dúrà ṣáájú owó irin, torí pé ọlọ́kadà kan kò ní gbé 35 kílò ṣáàfù sí iwájú, ẹni tó ti sanwó irin tán kò sì ní agbára láti bá ọlọ́kọ̀ jiyàn mọ́.